Bí Ṣówándé Ṣe Kí Àna Rẹ̀ Lójú Omi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "A kì í torí àna dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀"? Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìtọrọ ìyàwó, ẹ sì ti rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá tó bí bàbá mi ni wọ́n fi pa á lówe, ojú sì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń sọ lẹ́yìn ẹni, ó sàn ká kúkú fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

Ṣówándé ni orúkọ bàbá náà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tù bíi tirẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀sà, abúlé wa. Ó rí ọmọge kan tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí lọ́jà, ọmọ Òkè-Ẹja ní òdìkejì ọ̀sà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹfúnyẹmí gbà fún un. Ó wá ku bàbá Ẹfúnyẹmí.

Bàbá yìí, Ọdúfúwà, apẹja ni, ojú rẹ̀ sì le bí ẹja gbígbẹ. Ṣówándé kò rí i rí, alárenà ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Alárenà yìí ló sọ fún un pé ọkùnrin méjì ti wá ṣáájú rẹ̀. Ọdúfúwà lé èkíní nítorí pé ó kàn tẹ̀ba lásán ni, kò dọ̀bálẹ̀. Ó lé èkejì nítorí pé ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ aṣọ níwájú mi, ṣé ọmọ mi ni yóò wá ṣọ́ lẹ́yìn mi?"

Àṣà kan tún wà ní Òkè-Ẹja. Wọn kì í fi ọmọ fún ẹni tí kò lè dá tu ọkọ̀ kọjá ọ̀sà wá bá wọn, tòun tẹrù ìdána, láàárín ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ sí ìgbà tí oòrùn wọ̀. Wọ́n ní bí ara ìyàwó kò bá yá lọ́la, tí kò sí ẹlòmíràn nílé, ọkọ rẹ̀ náà ni yóò dá gbé e wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá fún èèyàn. Bí o kò bá débẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí o wá ìyàwó síbòmíràn.

Nígbà tó ku ọ̀la, ìyá Ṣówándé pè é jókòó.

"Ṣówándé, àna kì í kéré. Ibi tí o bá ti rí wọn, má wo aṣọ, má wo ilẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Ìyá wa yìí kò ronú kan omi rárá.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni ó gbéra. Ó di ogún iṣu sínú ọkọ̀, ìkòkò epo kan, àpò iyọ̀ kan, obì àti orógbó, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tó so mọ́ àárín. Ó ká agbádá funfun rẹ̀ sínú ẹní, kó lè wọ̀ ọ́ bó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Gbogbo ọmọ ọ̀sà ló mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lójú omi. O ó wà lórí ìjókòó rẹ, o ó gbé àjẹ̀ tí o fi ń tukọ̀ lé itan, o ó tẹrí ba. Ó tán. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ṣówándé náà mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn yọ, ó ti jìnnà sílé. Ó rí ọkọ̀ kan níwájú, bàbá arúgbó kan dé fìlà, ó jókòó sínú rẹ̀. Àyà Ṣówándé já. Bí ó bá lọ jẹ́ pé Ọdúfúwà nìyí ńkọ́? Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó nà gbalaja sórí iṣu. Imú ọkọ̀ rì díẹ̀, ìkòkò epo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, epo sì tú sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bàbá náà wò ó títí.

"Ọmọ mi, ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá o, bàbá. Mò ń kí yín ni. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Ẹfúnyẹmí?"

"Edé ni mò ń tà. Mi ò bí obìnrin kankan." Ó wo epo tó ń ṣàn. "Dìde jókòó, ọmọ mi. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀?"

Ojú ti Ṣówándé. Ó jókòó, ó mú àjẹ̀ rẹ̀, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Oòrùn dé àtàrí. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń tukọ̀ bọ̀ láti ọjà, ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ. Wọ́n rí iṣu, wọ́n rí ewúrẹ́.

"Arákùnrin, ta lẹ ń gbé gbogbo èyí lọ fún?"

"Bàbá Ọdúfúwà ni, ní Òkè-Ẹja."

"Háà, ọkọ Ẹfúnyẹmí rèé," ni ẹni tó pọnmọ wí. "Èmi ni ìyàwó kékeré ilé wọn. Ọmọ tí ẹ rí lẹ́yìn mi yìí, àbúrò Ẹfúnyẹmí ni."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọmọdé nílé àna. Ṣówándé rántí ìbúra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí i pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ó dìde, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ lọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ kú ojú omi o, àna mi." Ọmọ oṣù mẹ́fà. Ọmọ náà figbe ta.

Ìgbà yìí ni epo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wá ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣówándé yọ̀ lọ bá ewúrẹ́ ní àárín ọkọ̀. Ewúrẹ́ rò pé wọ́n fẹ́ pa òun ni, ó já okùn, ó fò sínú ọkọ̀ àwọn obìnrin. Ẹsẹ̀ tó fi ta ni ó fi gbá àpò iyọ̀ sọ́sà. Àwọn obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí gèlè ọ̀kan nínú wọn fi bọ́ sómi.

"Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ máa bá wa lọ," ni ìyàwó kékeré wí. "A ó sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀, bí ẹ kò bá tún ti pàdé èèyàn lọ́nà."

Ọkọ̀ tiwọn fúyẹ́, wọ́n sì tètè délé. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè ròyìn dáadáa. Ohun tí Ọdúfúwà gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju pé ewúrẹ́ ti dé, ọkọ ìyàwó ṣì wà lójú omi, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì dúró déédéé. Ẹ̀rù ba bàbá náà. Bó ṣe múra ìdána tó yẹn, pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ó wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ pàdé ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣówándé ti ń rí èéfín ẹja Òkè-Ẹja nígbà tí bàbá náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdúfúwà na ọwọ́, ó di etí ọkọ̀ rẹ̀ mú.

"Ṣé ìwọ ni Ṣówándé? Èmi ni Ọdúfúwà. Fara balẹ̀. Má mira."

Ṣówándé gbé àjẹ̀ lé itan. Ó tẹrí ba. Ká ní ó dúró bẹ́ẹ̀ ni, kò bá sí ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ọkùnrin tí àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó rántí ìyá rẹ̀, ó nà tán. Epo gbà á, ó yọ̀ láti ìdí ọkọ̀ dé imú ọkọ̀, orí rẹ̀ sì lọ kan ọkọ̀ àna rẹ̀ gbì. Ọkọ̀ méjèèjì dojú dé.

Omi ibẹ̀ kò jìn. Ọdúfúwà dìde, omi mù ún dé àyà, koríko odò wà lórí rẹ̀ níbi tí fìlà wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo Òkè-Ẹja ti wà ní èbúté, wọ́n ń wò. Ṣówándé náà yọrí, ó nu ojú rẹ̀, ó rí i pé òun dúró ṣánṣán níwájú àna òun.

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Nínú omi.

Ó rì, kò sì jáde. Ó ń wá ilẹ̀ tí yóò fi àyà kàn. Ọdúfúwà rí i tí omi ń hó púkẹ́púkẹ́ níwájú rẹ̀, ó sáré bẹ̀rẹ̀, ó gbá a lọ́rùn mú, ó fà á jáde.

"Dìde," ó ń wúkọ́, "dìde, mo bẹ̀ ọ́. Ìkíni náà ti tó."

Wọ́n wọ́ ọ dé èbúté. Kò sí epo, kò sí iyọ̀, agbádá funfun ti bá omi lọ. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ẹfúnyẹmí wà láàárín èrò, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Bàbá," Ṣówándé wí, "ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n máa padà sílé."

Oòrùn kò tíì wọ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu Ọdúfúwà. Ó fún omi kúrò nínú agbádá rẹ̀.

"Ṣé àyà rẹ kanlẹ̀?"

"Ó kan ilẹ̀, bàbá." Ṣówándé ṣí aṣọ rẹ̀. "Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò rèé."

Bàbá náà tọ́ ẹrẹ̀ yẹn wò pẹ̀lú ìka. "Kò sí ẹni tó kí mi báyìí rí," ó ní, "mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fún ọ ní ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òun ni yóò tukọ̀ yín délé."

Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹfúnyẹmí ń tukọ̀, Ṣówándé jókòó láàárín bí iṣu. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àna rẹ̀ tó dúró ní èbúté, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti dágbére. Ọdúfúwà kígbe débi pé àwọn tó wà lọ́nà oko gbọ́.

"Jókòó síbẹ̀, Ṣówándé. A kì í torí àna dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣáájú wọn dé Ìdó-Ọ̀sà. Títí bàbá wa fi dàgbà, tó fi kú, kò tún kọjá ní èbúté kí wọ́n má sọ ọ́ sí i létí.

Nígbà tí èmi náà lọ tọrọ ìyàwó, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a wà, nínú yàrá. Bàbá ìyàwó mi bèèrè ìdílé wa. Mo ní ìdílé Ṣówándé ti Ìdó-Ọ̀sà ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò. Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí mi.

"Ó yá, ọmọ mi, o lè dọ̀bálẹ̀ báyìí," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé a kì í torí àna dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀."