Ọjọ́ Tí Mo Ya Ojú Bàbá Mi Lò

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò tán lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti jáde ní yunifásítì. Ọjọ́ tí mo gbé ojú méjèèjì tó dá ṣáká lọ bá dókítà, tí mo sì sọ fún un pé mi ò ríran. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ èébú yín.

Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn ni mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àwọn náà ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lágboolé wa, àwọn ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ayé ìjọba ológun ni, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Mo délé fún ìsinmi, mo rí i pé ojú ti ń yọ bàbá mi lẹ́nu. Bí wọ́n bá fẹ́ ka Kùránì, wọn á gbé e sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kí ewúrẹ́ ìyá mi pé "ṣé dáadáa lẹ jí?" wọ́n tún dúró kó dáhùn. A rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwa méjì, wọ́n fà mí mọ́ra.

"Ọmọ mi, mi ò rí Kùránì kà mọ́. Èyí tó wà lórí mi ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí. Bí àwọn òbí wọn bá mọ̀, wọn á kó wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ṣé kò sí awò ojú ní yunifásítì yín ni?"

"Ó wà, Bàbá. Ẹ gbé e sí mi lọ́rùn."

Òótọ́ ni pé ó wà. Ilé-ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wá lọ́fẹ̀ẹ́, tí dókítà bá sì kọ awò fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ni wọ́n ń ṣe é fún un. Ti inú ìlú, ní Dùgbẹ̀, ó ju agbára wa lọ. Ọgbọ́n orí mi wá sọ fún mi pé ẹni tó bá ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ta ni mo bi? Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, awò ojú kò yàtọ̀ sí fìlà: tó bá ti ba orí ọmọ mu, á ba orí bàbá mu. Tí mo bá lè ríran bíi bàbá mi níwájú dókítà, awò tí wọ́n bá fún mi á jẹ́ ti bàbá mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣọ́ wọn nílé, bí wọ́n ṣe ń pajú dé àti bí wọ́n ṣe ń na ọrùn. Mo kọ́ ọ bí ẹni kọ́ṣẹ́.

Ọjọ́ pé. Dókítà ojú wa jẹ́ obìnrin àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dókítà. Wọ́n gbé mi jókòó síwájú páálí kan tí wọ́n kọ lẹ́tà sí.

"Ka ti òkè yẹn fún mi."

Lẹ́tà òkè yẹn tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Mo na ọrùn, mo pajú dé. "Ó dà bí àga, Mà."

"Àga?" Wọ́n na ìka mẹ́ta sókè. "Mélòó nìyí?"

"Mẹ́rin, Mà. Àbí méje."

"Méje lọ́wọ́ kan ṣoṣo?"

Ibi tí mo ti ń wá ọgbọ́n mìíràn ni ẹ̀fọn kan ti fò kọjá níwájú mi. Kí n tó ronú, mo ti gbá a mú lókè. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri la ẹnu, kò lè pa á dé. Mo ní, "Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́."

Màmá Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn ló sì burú jù. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ mi.

"Ọmọ mi, àìsàn ojú kan wà tó máa ń tọ ìdílé. Ṣé ojú kò yọ bàbá rẹ tàbí ìyá rẹ lẹ́nu? Fara balẹ̀ kó o ronú o."

Títí dòní, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá dárúkọ wọn, aṣírí á tú, wọn á gba káàdì lọ́wọ́ mi. Ni mo bá gbé e mì.

"Rárá o, Mà. Ojú bàbá mi mọ́ gaara. Wọ́n lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lálẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ jígí lójú mi. Èyí tó bá ti nípọn ni mo ń sọ pé ó dára, torí mo gbà pé èyí tó nípọn ló lágbára. Lẹ́yìn náà, wọ́n ro oògùn sí mi lójú kí wọ́n lè wo inú rẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ò rí àìsàn kankan, ṣùgbọ́n bí mo bá ní mi ò ríran, àwọn ò lè pè mí ní onírọ́. Wọ́n kọ awò fún mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oògùn yẹn ni ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan mọ́ nígbà tí mo jáde sínú oòrùn. Mo ń táràrà títí mo fi dé Ajíbọ́dé tí mo ń gbé. Mo rí ìyá onílé wa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, Mà." Kò dáhùn. Mo tún un kí. Ohùn ìyá onílé wá ti ẹ̀yìn mi: "Dírọ́ọ̀mù omi mi ṣe ọ́ lóore ni?" Aṣọ ni wọ́n sá lé e lórí. Odidi ọ̀sẹ̀ ni àwọn ayálégbé fi ń bi mí bóyá mo ti kí dírọ́ọ̀mù.

Màmá Dókítà ò sì fi mọ síbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní àga iwájú, wọ́n tún yan ẹnì kan tí yóò máa kàwé sí mi létí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fà mí lọ́wọ́ sọdá títì. Bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn, mi ò lè gbá a mọ́. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n, mo pọn tèmi títí tí sáà fi parí.

Mo gbé awò lọ fún bàbá mi. Inú wọn dùn, wọ́n ṣàdúà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Wọ́n ní, "Alhamdulilahi, mo ti ń rí i." Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́.

Ìgbà tí mo délé fún Iléyá ni àbúrò mi gbé omi fún bàbá mi láti apá òsì wọn. Wọn ò gbà á. Wọn ò rí i rárá. Mo rọra gbé ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì wọn, mo mì í. Wọn ò ṣẹ́jú.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mú wọn lọ bá Màmá Dókítà, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Màmá Dókítà wo ojú bàbá mi tán, wọ́n jókòó.

"Àìsàn tí mo bi ọ́ nìyí. Ẹ̀yìn ojú ló ti ń jẹ ẹ́ wá, kì í dunni, ohun tó bá sì ti jẹ, kì í dá a padà. Ti òsì ti lọ. Oògùn á dá ti ọ̀tún dúró. Ọjọ́bọ̀ la máa ń wo òbí akẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé bàbá rẹ lojú ń yọ lẹ́nu, ojú méjèèjì ni à bá bá."

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú nọ́ọ̀sì. Bàbá mi wá ọwọ́ mi kàn.

"Má sunkún mọ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé awò yẹn ò ṣe nǹkan kan. Orí tilẹ̀ ń fọ́ mi tí mo bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé e wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé ohun tó gbé wá fún mi ò dáa?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan péré lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn, mi ò bi í. Ìbéèrè kan péré ni Màmá Dókítà bi mí, mo fi irọ́ dá wọn lóhùn. Ojú ọ̀tún tó kù ni bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ kéwú títí àwọn ọmọ náà fi dàgbà.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ yẹn, nígbà tá a ń padà sílé nínú ọkọ̀ Lálúpọn, bàbá mi ní kí n ṣe é kí àwọn rí i, bí mo ṣe díbọ́n níwájú dókítà pé bí àwọn ni mo ṣe ń ríran. Mo na ọrùn, mo pajú dé. Wọ́n gbé ojú mi sún mọ́ tiwọn kí wọ́n lè rí i, wọ́n sì rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí ò ríran mọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?