Itan Àgbò Tó Wà Nínú Fírísà

Ọjọ́ tí mo gun òrùlé ní àdúgbò Mabera kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Kí n tó rín in tán, ojú á ti máa tì mí.

Olùkọ́ ni mí ní Sókótó nígbà náà. Yàrá mẹ́rin ló wà nílé tí a háyà, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Torí pé èmi ni mo kàwé jù, wọ́n fi mí ṣe alága iná. Ẹ wo oyè! Nígbà tí owó iná wa lọ sókè lóṣù méjì léraléra, mo mú bírò àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé wò bí ọlọ́pàá. Mo yọ gílóòbù ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fi kékeré sí i. Mo pa fáànù ará ilé kan nígbà tó wà ní balùwẹ̀, ó sì bú mi dáadáa. Síbẹ̀, àwo kékeré inú mítà ń sáré yí.

Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sára fírísà Ìyá Rùkáyà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ará Ìlọrin ni, omi dídì ló sì ń tà kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn Iléyá. Ó ń ṣe opó, kì í jáde, kò sì ta omi mọ́. Mo wò ó pé fírísà òfìfo ló ń jẹ iná wa. Ó yẹ kí n béèrè. Ṣùgbọ́n èmi àpọ́n, kí ni n ó máa lọ kan ilẹ̀kùn opó fún nítorí ọ̀rọ̀ iná? Mo ka ara mi sí ọmọlúàbí. Mo rọra yọ wáyà fírísà, n kò tilẹ̀ ṣí i wò.

Lọ́jọ́ kẹta, òórùn kan gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní òkú eku ni. Mo wá a títí, mo da omi ọṣẹ sílẹ̀ kí n fi fọ ibẹ̀, èmi náà ni mo tún yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Ìgbà tí ológbò méjì wá jókòó ti fírísà ni mo tó ṣí i. Odidi itan àgbò kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Ó ti ń rùn.

Ẹni tó gbọ́n ì bá lọ jẹ́wọ́. Èmi rántí àwọn tó ń ṣe kílíṣí nítòsí ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Babbar Kasuwa, bí wọ́n ṣe ń sá ẹran pẹlẹbẹ sóòrùn. Mo ní oòrùn Sókótó á bá mi tún un ṣe. Mo fi iyọ̀ fọ ẹran náà, mo là á pẹlẹbẹ, mo gbé òun àti aṣọ rẹ̀ gun òrùlé lọ́sàn-án gangan. Páànù ń jó mi lẹ́sẹ̀, èmi náà ń jó lórí rẹ̀. Kí n tó sá a tán, àwọn àṣá dé. Ọ̀kan gbé, òmíràn gbé. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo fi ń lé wọn. Ariwo páànù ló mú Malam, onílé wa tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, sáré jáde.

"Haba, Tíṣà! Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

Ìyá Rùkáyà náà yọ sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun náà ti já bọ́ síwájú rẹ̀.

"Tíṣà, níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?"

Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ láìwọ ẹ̀wù, mo sì jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá Rùkáyà ló fọwọ́ ara wọn gé e sọ́tọ̀ nínú ẹran Iléyá fún ìyá wọn. Màmá ò lè wá síbi ìsìnkú. Mo ní tí mo bá jáde opó, màá gbé e lọ fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ọmọ wọn."

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Nírọ̀lẹ́, Malam fà mí lọ sídìí mítà. Ó pa gbogbo nǹkan nílé, àwo náà dúró. Ó tan fírísà nìkan, àwo ń rọra lọ. Ó pa á, ó wá wọ yàrá mi, ó tan sítóòfù oníná tuntun tí mo fi ń se ẹ̀wà lójoojúmọ́. Àwo náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Àṣé èmi gan-an ni mò ń jẹ iná gbogbo wa.

Nígbà tí Ìyá Rùkáyà jáde opó, mo tẹ̀ lé e dé Ìlọrin. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, títí kan ti àṣá. Màmá wá bi mí nípa itan náà.

"Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi, Màmá."

"Fi hàn mí."

Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn, mo fi àlàfo àárín wọn ṣe bí itan náà ṣe gùn tó. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n fọwọ́ wá ọwọ́ mi, wọ́n wọn àlàfo náà láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n sì tún un wọ̀n.

"Ọmọ mi ò ṣahun sí mi rí," ni wọ́n sọ. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. "Àṣá yẹn mà jẹun o."

Láti ìgbà náà, tí owó iná bá ti lọ sókè, yàrá tèmi ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, n kì í sì í yọ wáyà ẹnikẹ́ni láì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ti ń kọ eléyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibi tí Màmá ti fọwọ́ wá ọwọ́ mi, n kì í lè rẹ́rìn-ín kọjá ibẹ̀.