Mo-Ti-Ṣe-É-Rí Fá Orí Ọkọ̀ Àna Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò sí ohun tí kò tíì ṣe rí láyé yìí. Bí o bá ní ejò ṣán ọ, ejò tó ṣán òun gùn ju tìrẹ lọ. Bí o bá ní o já bọ́ láti orí òrùlé, òun ti já bọ́ láti orí ilé alájà mẹ́rin, ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó lọ ra búrẹ́dì. "Mo ti ṣe é rí" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àwa náà kò sì wá orúkọ lọ jìnnà: Mo-Ti-Ṣe-É-Rí la ń pè é. Ó ń jẹ́ ẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i!

Èmi ti rìn lọ́nà tó pọ̀, mo sì ti sùn ní gáréèjì tó ju irun tó kù lórí mi lọ. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin ni mo ń sùn sí. Mò ń gbá èérún irin fún un, ó ń fún mi ní tíì àti igun kan tí òjò kì í dé. Ìyá Ẹ̀rọ la ń pè é. Ohùn rẹ̀ le ju irin tó ń fá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mo-Ti-Ṣe-É-Rí wọlé, ó gbé nǹkan mọ́yà, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun. Ó tú u. Ọmọrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ ni, irin pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò.

"Ti ta nìyí?" ni Ìyá Ẹ̀rọ bi í.

"Ti bàbá ìyàwó mi."

"Ìwọ! O ti níyàwó?"

"Ó ku díẹ̀ ni, Màmá."

Díẹ̀ tó kù ọ̀hún, òkè kan ni. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, orí òkè ló ń gbé, ọkọ̀ rẹ̀ tó dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ kò sì lè gun òkè náà já. Bó bá ti dé ìdajì, ikọ́ á dé, ìyàwó bàbá á bọ́ sílẹ̀, á máa tì í tòun ti báàgì lọ́rùn. Ó sú bàbá. Ó wá búra níwájú gbogbo ilé pé ẹni tó bá mú ọkọ̀ náà dókè láìjẹ́ pé ìyàwó òun bọ́ sílẹ̀, ẹni náà ni òun máa fún ní ọmọ òun fẹ́.

"Bàbá, mo ti ṣe é rí!" ni ọkùnrin wa wí. Ẹni tí kò fá ohunkóhun rí ju irun orí rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an, ojoojúmọ́ ló ń fi abẹ ya ara rẹ̀!

Ìyá Ẹ̀rọ yí irin náà síwá sẹ́yìn. "Báwo ni kí n ṣe fá a tó?"

"Ẹ fá a dáadáa."

"Dáadáa kì í ṣe ìwọ̀n. Ṣé o ti fi amọ̀ wò ó?"

"Amọ̀ kẹ̀?"

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ́ńjìnnì ayé ọjọ́un yìí, fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, kì í gbé inú ọmọrí. Ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì ló jókòó sí, á yọrí sókè, á tún wọlé, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sínú ọmọrí kó lè ráyè. Bí o bá fá ọmọrí náà díẹ̀, àyè iná á há, agbára á pọ̀ sí i. Bí o bá fá a jù, fáàfù á máa forí sọ àjà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń lẹ amọ̀ mọ́ orí fáàfù, á de ọmọrí, á fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, á wá ṣí i wo bí amọ̀ ṣe nípọn tó. Bí amọ̀ bá ṣe nípọn tó, àyè tó kù nìyẹn.

"Màmá, ọmọdé ló ń fi amọ̀ ṣeré. Ẹ sáà fá a!"

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han, èérún irin ń fò. Ó dúró.

"Ó tó."

"Ẹ fi kún un!"

Ó fi kún un. "Ó ti tó o."

"Òkè yẹn ga o, Màmá! Ẹ fá a títí n ó fi rí eyín mi nínú ẹ̀!"

Ìyá Ẹ̀rọ kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ o?"

"Etí mi méjèèjì wà níbí," ni mo wí.

Ó fá a. Nígbà tó fi máa parí, kòtò inú ọmọrí kò jìn ju inú ṣíbí lọ. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí gbé e sójú, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Ní Sátidé, ó ní kí n bá òun gbé àpótí irinṣẹ́ lọ sẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ wà. Mo tẹ̀ lé e. Ta ló máa fi irú eré bẹ́ẹ̀ du ara rẹ̀? Gbogbo ẹbí àna ti pé. Ó de ọmọrí mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Gbàǹ! Kò yí.

"Kí ló ṣe é?" ni bàbá bi í.

"Ojú ló ń tì í, Bàbá. Agbára tuntun ni."

Ó tú u, ó fi gáskẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́ pẹlẹbẹ tó máa ń wà láàárín ọmọrí àti ẹ́ńjìnnì, méjì tẹ́ ẹ dípò ẹyọ kan, bí ẹni tó ra bàtà tó tóbi tó wá ń ki àkísà sí i nímú. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó bú bíi kìnnìún! Ṣùgbọ́n nínú bíbú náà: kọ-kọ-kọ-kọ-kọ.

"Ó jọ pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn nínú ẹ̀," ni ìyàwó bàbá wí.

"Agbára ni, Màmá. Ó fẹ́ jáde."

A wọ ọkọ̀. Ó di sítíárì mú, bàbá jókòó tì í, ìyá, ọmọbìnrin àti èmi wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ̀ náà sáré! A kọjá ibi tó ti máa ń húkọ́. Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí yọwọ́ síta, ó ń juwọ́ sí àwọn ará àdúgbò bí ọba tó ń kí ìlú. "Mo ní mo ti ṣe é rí àbí n ò ní?"

Ìgbà yẹn ni agbára jáde. Fúùù! Ooru bo gíláàsì iwájú. Pílọ́ọ̀gì kan lu bọ́nẹ́ẹ̀tì já, ó fò lọ sínú ọgbà ẹnì kan, ajá ibẹ̀ sì gbé e sá lọ. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ọkọ̀ ronú díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

"Bíréèkì!" ni bàbá ké.

"Mo ti... mo ti..."

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀!" Bàbá awakọ̀ gba sítíárì, ó na ẹsẹ̀ kọjá tirẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wa ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ láàárín àwọn tí ọkùnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́ sí. Àwọn náà wá ń juwọ́ padà!

A dúró sí ibi tí a ti gbéra gan-an. Mo-Ti-Ṣe-É-Rí yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ẹ rántí o. Màmá ò bọ́ sílẹ̀."

Bàbá wò ó títí. "Òótọ́ lo wí. Kò bọ́ sílẹ̀, kò sì ní bọ́ sílẹ̀. Ìwọ, bọ́ sílẹ̀."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ lọ sókè. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ bá a tì í, bàbá ní kí n jókòó. Oòrùn mú, òkè náà ga, ọkọ̀ àtijọ́ sì wúwo. Nígbà tó dé ìdajì, irùngbọ̀n tó ń fọwọ́ pa ti lẹ̀ mọ́ àyà, òógùn sì ń kán sórí bàtà. Ọmọbìnrin náà yí gíláàsì sísàlẹ̀, ó yọrí síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti ṣe èyí náà rí?"

Ó mí sókè, ó mí sódò. "Rárá," ni ó wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."

Ọmọbìnrin náà kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́? Ó ti sọ òótọ́ kan. Mo lè fẹ́ ẹ báyìí."

Bàbá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kó kọ́kọ́ tì í dókè ná."