Ìbò Inú Karafáànù

Bí ẹ bá dé ilé Alhaji Tàjùdéèn Ọláṣẹ̀hìndé ní Rogers Park, ní Ṣikágò, ẹ má ṣe sọ pé ọkọ̀ ojú irin ń pariwo. Lóòótọ́, ojú irin kò jìnnà sí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ rárá, gbogbo abọ́ ilé sì máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fọwọ́ bo etí, Alhaji á dijú, á mirí jẹ́jẹ́, á ní: "Ó ń rán mi létí ìgbì òkun. Etí òkun la máa ń gbé ní Ireland."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lọ. Lọ́dún 1985, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin pe òun àti ìyàwó rẹ̀ wá lo ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ló padà sí Ṣikágò. Alhaji dé fìlà àwọn àgbẹ̀ Ireland, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn síwájú, lé agbádá lórí. Ó dé e lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tó forí balẹ̀, ẹnu fìlà ló kan ilẹ̀, iwájú orí Alhaji kò débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yí fìlà ọ̀hún sẹ́yìn bí ó bá fẹ́ kírun, bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n karafáànù ni baba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé kékeré ni, tí wọ́n kàn sórí táyà méjì, tí mọ́tò ń wọ́ lẹ́yìn. Àwọn ará Ireland a máa wọ́ ọ lọ sétí òkun lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a sì máa sùn nínú rẹ̀. Lẹ́nu Alhaji, ààfin ni.

"Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní tírélà," á ní, á sì yọ ṣùtì. "Tírélà! Ṣé màlúù ni wọ́n fẹ́ kó ni?"

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá ní Ṣikágò wá fún un lóríkì: Ọba Etíkun, Ọkọ Karafáànù, Afi-táyà-ṣe-ìpìlẹ̀-ilé. A rò pé yẹ̀yẹ́ la fi ń ṣe. Ó ní ká tún un kì.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì dé, ipò ààrẹ ẹgbẹ́ ṣófo. Alhaja Sìmíátù, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Joliet, jáde fún un. Ohun kan ṣoṣo ló ní lọ́kàn. Yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé kan làwọn ọmọ wa ti ń ké Kùránì. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń yí, igbe làwọn ọmọ ń fi ké e. Alhaja ní, "Bí ẹ bá yàn mí, a ó fi owó ẹgbẹ́ gba yàrá tó mọ́ fún wọn."

Alhaji Tàjùdéèn náà jáde. Ó ní, "Bí ẹ bá yàn mí, owó yẹn la ó fi kó àwọn alákòóso lọ sí etí òkun Ireland, kí wọ́n lè fara balẹ̀ ronú nípa àwọn ọmọ náà."

Lọ́jọ́ ìbò, Alhaji pe gbogbo ẹgbẹ́ sí ibi ìpàgọ́ kan létí adágún Michigan. Ó ti háyà karafáànù funfun kan. Jìbírílù onítakisí ló fi mọ́tò rẹ̀ wọ́ ọ débẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ni Alhaji ní kó tú mọ́tò náà kúrò.

"Kí ló dé, Alhaji?"

"A fẹ́ ya fọ́tò tí mo máa fi ránṣẹ́ sílé. Mi ò fẹ́ kí ìpàǹtí yẹn wọ inú ẹ̀."

"Ìpàǹtí tó wọ́ yín dé bí?" ni Jìbírílù fèsì, ṣùgbọ́n ó tú u.

Òyìnbó tó ni karafáànù fi irin mẹ́rin hàn wá tí wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ká rọ̀ wọ́n sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, torí àwọn irin yẹn ni kì í jẹ́ kó mì tàbí kó fì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rọ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lórí koríko tútù. Alhaji wo agbádá funfun rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mò ń kúnlẹ̀," ló wí. "Èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rọ̀ ọ́," ni Jìbírílù wí.

"Má fọwọ́ kàn án! Kí lo mọ̀ nípa karafáànù? Ní Ireland, a kì í rọ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, tíṣà ìṣirò láti Olympia Fields, ló ń darí ìbò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n òfin ni òfin lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji ló dábàá bí a ó ṣe dìbò: ẹni tó bá fẹ́ òun, kó wọ inú karafáànù, ẹni tó bá fẹ́ Alhaja, kó dúró síta nínú oòrùn. Bádéjọ gbà.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá wà nígbà tí mo bá fọn fèrè, ibẹ̀ ni ìbò yín wà. Mi ò ní fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú karafáànù, òórùn ìrẹsì ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìdajì ẹgbẹ́ wọlé, àwọn mìíràn ṣì ń wọlé. Alhaja Sìmíátù jókòó lórí kúlà omi tútù rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Sàdíátù, ìyàwó Alhaji, ló dúró tì í.

"Ìyàwó Ààrẹ, ẹ ò ní wọlé ni?" ni Jìbírílù bi í.

"Níbí yìí dára fún mi."

Bádéjọ gbé fèrè sẹ́nu. Alhaji yọrí lójú fèrèsé ẹ̀yìn karafáànù: "Má tíì fọn ọ́n! Wọn ò tíì kí mi!"

Ó ti jókòó sórí àga gígùn tó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn karafáànù, ó tẹ́ agbádá kalẹ̀. "Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà," ló wí. "Ẹ súnmọ́ ààrẹ yín. Ẹ wá kí mi dáadáa."

Wọ́n súnmọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyè kò gbà wọ́n, wọ́n dojú bolẹ̀ léra wọn lẹ́yìn. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀ karafáànù ké fín-ín.

"Alhaji, ó ń mì o!"

"Ó ń mí ni. Karafáànù máa ń mí."

Iwájú karafáànù bá gbéra kúrò nílẹ̀, ó gòkè, ó kọjú sí ọ̀run, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jókòó sórí koríko, gbìì! Àwọn olùkíni yọ̀ lọ bá ẹni tí wọ́n ń kí. Ìkòkò ìrẹsì tẹ̀ lé wọn. Nínú ariwo náà la ti gbọ́ ohùn Alhaji lábẹ́ gbogbo wọn:

"Sàdíátù! Kí la máa ń ṣe ní Ireland bó bá ṣe báyìí?"

"Bàbá Àdùfẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn látìta, "inú tẹ́ǹtì la sùn ní Ireland! Òjò lé wa jáde, a lọ sun inú mọ́tò àbúrò yín! Fèrèsé lẹ ti ń yọjú wo karafáànù olóhun!"

Àwọn òyìnbó tó pàgọ́ sítòsí ti dúró, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn olùdìbò rápálá gòkè dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó farapa, àlùhámdùlíláì. Alhaji kò lè gun òkè náà. Fèrèsé ẹ̀yìn ló bá gbà jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, agbádá há sínú fèrèsé. Bó ti ṣubú sórí koríko ni karafáànù padà bọ́ sípò, ó sì gbé agbádá náà sókè bí àsíá.

Alhaji dìde nínú bùbá àti ṣòkòtò, ìrẹsì ní irùngbọ̀n. Ó rí àwọn òyìnbó tó ń wò ó.

"Bádéjọ! Kí lò ń wò? Fọn fèrè! Fọn fèrè, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibí wá bá mi gbé agbádá mi sọ̀kalẹ̀!"

"Ṣé kí n fọn ọ́n, Alhaji?"

"Mo ní kó o fọn ọ́n!"

Bádéjọ fọn ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó rọra lọ sí karafáànù, ó yọjú wọlé, ó wo abẹ́ tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kékeré inú rẹ̀ wò. Ó padà wá bá wa, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Nínú karafáànù, kò sí ẹnì kankan. Gbogbo ẹgbẹ́ wà níta. Alhaja Sìmíátù ti wọlé."

Ó wá bọ Alhaji Tàjùdéèn lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀làjú gidi ni kí èèyàn dìbò fún alátakò rẹ̀."