Don Ermenegildo Tí Wọn Kì í Gbowó Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ bá mi kí Don Ermenegildo Capece, ọkùnrin mẹ́ta! A-rìn-bí-ẹni-tó-ni-títì, a-wo-ara-rẹ̀-nínú-gíláàsì-gbogbo-ṣọ́ọ̀bù! Orí òkè Vomero ló ń gbé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, tí àwọn ayálégbé rẹ̀ sì ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí àdúgbò wa nísàlẹ̀ Naples, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Òun nìkan kọ́ ló wá. Ó mú opó kan dání, Ìyáàfin Ortensia, tó wá láti Torino, tó sì ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Don Ermenegildo fẹ́ fi í ṣe aya. Kí n kúkú sọ òótọ́: òtẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ fi ṣe aya. Obìnrin náà ní kó fi ìlú han òun fún ọjọ́ kan, pé kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé òun lọ nírọ̀lẹ́, òun á fún un lésì.

Ó fi ìlú hàn án lóòótọ́. Ìta ni wọ́n ti wo gbogbo rẹ̀.

"Ṣé a ò ní wọ inú ààfin yìí ni?" opó béèrè.

"Inú ẹ̀ ṣókùnkùn, ìyáàfin. Ìta ló dùn ún wò."

Nígbà tí wọ́n dé ilé tí wọ́n kó ère àtijọ́ sí, ó tún dí i lọ́nà. "Ìhòòhò làwọn ère yẹn wà. Kò yẹ ojú opó."

Ní ti jíjẹ àti mímu, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá rí ṣe á mu kọfí kan, á sanwó méjì. Ìkejì yẹn, ó so ó rọ̀ fún aláìní tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àsorọ̀ là ń pè é. Àwọn tó ń ta písà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aláìní á béèrè bóyá àsorọ̀ wà, wọ́n á fún un, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè nǹkan kan.

Don Ermenegildo á fi opó jókòó síta, á wọlé, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àsorọ̀ wà? Èmi àti ìyàwó mi ni." Bó bá padà síta, ohùn á tún ròkè: "Ní ìlú yìí, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́."

"Ó mà dáa o," opó á dáhùn.

Ohun tí baba olówó ò mọ̀ rèé. Ní àdúgbò wa, kóòtù tí wọ́n lọ̀ dáadáa bí irú èyí tó wọ̀ kì í ṣe àmì owó. Àwọn ọmọ ilé ńlá tí nǹkan ti bàjẹ́ fún ló ń lọṣọ bẹ́ẹ̀ jù, torí aṣọ yẹn nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Aniello, tó ni ilé kọfí abẹ́ fèrèsé mi, rí ẹni tó wọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀ tó ń béèrè àsorọ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ké sí mi lókè.

"Donna Rachele! Ẹ wo bàbá yẹn! Wọ́n ní látàárọ̀ ló ti ń béèrè káàkiri. Ojú ọmọ ọba ló ní, ebi sì ń pa òun àtìyàwó ẹ̀!"

"Yéè! Ẹ má jẹ́ kó lọ, Aniello."

Mo ké sí Assuntina ní fèrèsé òdìkejì. Assuntina ké sí gbogbo ayé. Don Ermenegildo ṣì di ọwọ́ opó mú, ó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, nígbà tí agbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Búrẹ́dì. Tòmátò. Ṣòkòtò ọkọ Assuntina tó ti kú. Èmi fi sọ́séèjì gígùn kan tí mò ń tọ́jú de ọjọ́ Sunday sínú tèmi, inú mi sì dùn gidi.

"Bàbá, ẹ má tijú o!" Assuntina pariwo. "Kò sẹ́ni tí ò lè ṣẹlẹ̀ sí! Ẹ wọn ṣòkòtò yẹn wò!"

"Ìyá, ẹ jẹun o, ẹ ti rù jù!" ẹlòmíì sọ fún opó.

Opó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Don Ermenegildo, kí ni wọ́n ń sọ?"

Ọkùnrin náà fò dìde. "Ta lẹ pè ní aláìní? Èmi! Èmi tí mo ní ilé mẹ́ta lórí Vomero! Mo lè ra àdúgbò yín tìdọ̀tí-tìdọ̀tí!"

Bàbá Liborio wà lẹ́nu ọ̀nà Aniello, arúgbó tí kò ní ìgbádùn míì ju àsorọ̀ àràárọ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ fún un pé ó ti tán.

"Ọ̀gá, ilé mẹ́ta lẹ ní?"

"Mẹ́ta, bàbá! Alájà mẹ́rin-mẹ́rin!"

"Kọfí ta wá lẹ mu yẹn?"

Don Ermenegildo fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo fèrèsé bá gbè é. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Agbọ̀n Assuntina gòkè, ti àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Mo fa tèmi, ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Sọ́séèjì mi dà?" mo pariwo, mo sì tún fi okùn sọ agbọ̀n náà kalẹ̀.

Ìyáàfin Ortensia ti gbé báàgì rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù Don Ermenegildo, ó sì ń fa sọ́séèjì mi jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ó ká a sínú agbọ̀n.

"Ìyá, ẹ fà á sókè," ó ní. Ó wá yíjú sí Bàbá Liborio, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sin òun dé ibùdókọ̀ ojú irin, kí òun ra kọfí fún un lójú ọ̀nà.