Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Nínú Fídíò Ẹ̀kọ́

Ènìyàn mẹ́ta péré. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fídíò ẹ̀kọ́ mi dé òpin nìyẹn, nínú kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó kún fọ́fọ́, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Àwọn kan náà ló pàṣẹ pé fídíò kankan kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí kan. Wọ́n ní bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá tún fìdí rẹmi, àwọn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ tí mo jókòó láti ya fídíò tó tẹ̀ lé e kò lè kúrò lọ́kàn mi títí ayé. Ilé mi ní Jákàńdè, Ìsọlọ̀, ni mo ti ń yà á. Mo wọ kóòtù, mo so táì. Láti ìbàdí sókè, olùkọ́ àgbà ni mí. Láti ìbàdí wálẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kò dé, ṣòkòtò pénpé tí mo fi ń sùn ni.

Mo ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn, ni ìyá ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn wọlé, láti Òṣòdì. Ta ni yóò jókòó sórí àga kí àna rẹ̀? Kí n tó ronú, mo ti fò dìde, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kámẹ́rà, tòun ti táì, tòun ti ṣòkòtò pénpé.

“Ẹ káàbọ̀, mà.”

“Bàbá Dámọ́lá, dìde jàre. Àbí aṣọ ò kárí ni?”

Wọ́n jókòó, wọ́n nawọ́ sí àwòrán ara ènìyàn tí mo fi ń kọ́ni. “Kí lèyí tó pupa yìí?”

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló wá ń jẹ́ kí tèmi máa ru?”

Mo ní kí wọ́n rántí rọ́bà tí omi ń gbà kọjá: bí ọ̀nà inú rẹ̀ bá fún, omi á máa ti ara rọ́bà náà gidigidi.

“Dúró ná, kò tíì yé mi.”

Mo dúró. Mo tún un sọ. Àwọn náà fẹnu ara wọn sọ ọ́ padà fún mi, a sì parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gé apá yẹn kúrò, mo sì fi ìwà ọmọlúàbí ya wákàtí kan gbáko. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi: èyí tí mo gé kúrò ni mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Ọ̀gá, ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀ o!” “Sà, ẹ bá wa kí Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti yé wa!”

Àwọn aláṣẹ ní mo dójú ti ilé-ẹ̀kọ́. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní ọ́fíìsì kí èsì ìdánwò tó jáde. Ó jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yege, àwọn aláṣẹ kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Mo mí kanlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ṣì ń tì mí.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: fídíò tí kò dúró bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, ariwo lásán ni. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fagi lé òfin wákàtí kan yẹn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe fídíò kéékèèké, kí a fi ìbéèrè sáàárín wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ráyè dáhùn. Sáà yìí ni mo wí, kì í ṣe sáà tó ń bọ̀.