Òfin Ẹ̀rín Lórí Fíìmù Baba Afárá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ọsàn, ẹ tẹ́tí! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró! Ẹni tó ń bínú, kó sún ìbínú síwájú díẹ̀! Akéde Ògúndìjọ ló dé, ààfin ló sì ti ń bọ̀.

Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ti ṣòfin tuntun! Kì í ṣe lórí owó orí! Kì í ṣe lórí ẹran ọ̀sìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ wà níbẹ̀! Lórí ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín ẹnu yín gan-an!

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fà á. Gbogbo yín lẹ mọ Olóyè Bámgbóyè, alága ìjọba ìbílẹ̀ wa nígbà kan. Òun lẹ ń pè ní Baba Afárá, nítorí ó kọ́ afárá ńlá sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀, níbi tí odò kò sí, tí odò kankan kò sì ní in lọ́kàn láti wá. Òun náà ló gbẹ́ ẹ̀rọ omi tí à ń pọn dòní. Òun náà ló ní kí katakátá lọ wó àgbàlá àwọn ahunṣọ, pé òun fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ibùdókọ̀. Títí di òní, ọkọ̀ kan kò dúró níbẹ̀ rí. Bí ẹnìkan bá ń súre fún un nílùú yìí, ẹlòmíràn ti ń ṣépè. Kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ibídùn, ọmọ Tíṣà Akíntáyọ̀, wá fi ìjọba Olóyè ṣe fíìmù. Kì í ṣe eré àtinúdá o, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló kó jọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́n. Ó mọ̀ pé tí òun bá fi ojú líle sọ ọ́, ìdajì ìlú á dìde lọ, ìdajì tó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó bá fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ la ti wò ó ní Sátidé tó kọjá.

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe rẹ́rìn-ín! Àwọn ewúrẹ́ tò sórí afárá bí ìgbà tí káńsù ń ṣèpàdé. Ìyá Àránsí, olórí àwọn ahunṣọ, sọ nínú fíìmù pé òun kò bá afárá jà, odò tí Olóyè fẹ́ gbé wá lòun ń retí. Olóyè fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì nídìí. Ní Ìdó-Ọsàn, ohun tí ìlú bá pé jọ rẹ́rìn-ín sí lójúde, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e dìde mọ́. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń parí ìjà nìyẹn. Olóyè rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹjọ́ afárá ti lọ, ó wá ku ti àgbàlá ahunṣọ.

Nínú fíìmù, katakátá dé. Ẹnìkan ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ṣìnà, ó kọ́kọ́ wó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ káńsù, akọ̀wé sì sá jáde, ó di ṣòkòtò mú. Ẹ tún rẹ́rìn-ín! Lẹ́yìn náà ni katakátá rí ọ̀nà. Òrùlé àwọn ahunṣọ wó lulẹ̀, Ìyá Àránsí sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òwú nínú ẹrẹ̀.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí àga, nítorí ó mọ̀ pé ẹjọ́ yẹn ṣì wà láàyè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà láàfin. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ó ní kí Kábíyèsí jọ̀ọ́, kó pàṣẹ kí ìlú rín in. Àna Kábíyèsí ni, ẹ ṣáà mọ̀ bí àna ṣe rí. Òfin bá jáde!

Òfin kìíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí afárá láìkọ́kọ́ kí i pé ẹ kú ìdúró! Ẹni tó bá ṣẹ̀, yóò mú ìwọ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi pa ẹja!

Òfin kejì! Ẹ̀rín gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ipò! Ẹni tí fíìmù ń sọ nípa rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rín! Ìjòyè á tẹ̀lé e, baálé á tẹ̀lé ìjòyè, àlejò ló gbẹ̀yìn! Ẹni tó bá fò ṣáájú, yóò gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì lójú gbogbo ayé!

Òfin kẹta! Ewúrẹ́ tó kẹ̀yìn sí àwòrán Olóyè nínú fíìmù kò gbọdọ̀ gun afárá mọ́, àfi tó bá dọ̀bálẹ̀!

Òfin kẹrin! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá ẹni tó jókòó tì í lẹ́yìn nítorí pé ẹ̀rín ń pa á! Ẹ̀yìn Baálẹ̀ Ìsàlẹ̀ ṣì ń dùn ún!

Òfin karùn-ún! Òun gan-an lọ̀rọ̀! Tí katakátá bá dé àgbàlá ahunṣọ, gbogbo ìlú ni yóò rẹ́rìn-ín àrìntàkìtì! Tọkùnrin tobìnrin! Ẹni tí eyín rẹ̀ kò bá hàn, yóò máa gbá orí afárá lójoojúmọ́ títí odò yóò fi dé!

Ẹ má tíì lọ o! Ẹ má tíì lọ!

Àwọn ìjòyè ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán òfin náà wò láàfin. Wọ́n tan fíìmù lánàá. Ìyá Àránsí jókòó síwájú. Katakátá dé, òrùlé wó. Òfin kejì ní Olóyè ni yóò kọ́kọ́ rín. Gbogbo ìjòyè la ẹnu sílẹ̀ dè é, eṣinṣin ń wọlé. Olóyè la ẹnu, ikọ́ ló jáde. Ó tún un là, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ìyá Àránsí kò wo fíìmù rárá. Olóyè ló ń wò. Kò bínú, ó kàn fẹ́ rí bí èèyàn yóò ṣe rín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ti Olóyè. Ojú tì í gidigidi. Ó ṣí fìlà, ó ní kí wọ́n pa fíìmù. Ó ní òun kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí òun tó rán katakátá, òun ṣe é láìdáa. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu rẹ̀ kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, wọ́n ti fagi lé òfin karùn-ún! Èyí ló dípò rẹ̀! Láti Sátidé tó ń bọ̀, Olóyè Bámgbóyè yóò máa fi orí ara rẹ̀ ru páànù gba orí afárá lọ sí àgbàlá ahunṣọ, títí òrùlé wọn yóò fi pé! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a rù ú!

Olóyè bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlú má fi òun rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Kábíyèsí ní òun kò ní ṣòfin lórí ẹ̀rín mọ́ láyé òun.

Ìyá Àránsí ní ẹ lè rín in lójú ọ̀nà bó bá ṣe wù yín. Ó ní ẹ̀rín ti òun ń bẹ nínú òun, òun yóò dì í mú títí wọn yóò fi kan páànù ìkẹyìn, ìgbà yẹn lẹjọ́ tó parí.

Wọ́n rán akéde níṣẹ́ ẹrú, ó ti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Agogo dákẹ́ o! Ó di orí afárá!